Ọ̀rẹ́ Mi Gbé Owó Wá, Mo Sá Wọnú Dúrọ́ọ̀mù

Kàsúmù wẹ́dà ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Ká ní ó mọ ohun tí màá fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ni, ì bá pa ẹnu ẹ̀ mọ́ kó kọjá lọ sílé ẹ̀.

Ìkẹjà ló ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, ó lọ jó irin ní iléeṣẹ́ kan. Dígí dúdú tó fi ń jó irin ṣì wà níwájú orí ẹ̀ nígbà tó dúró ti ọjà mi.

"Ìyá Ìgbẹ́kẹ̀lé, ẹ ti gbọ́? Wọ́n fẹ́ ri páìpù gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá."

"Páìpù omi?"

"Omi wo? Ta ló fẹ́ fún wa lómi? Gáàsì ni. Haidirójìn ni wọ́n ń pè é. Láti àwọn iléeṣẹ́ Ìkẹjà, á gba Agége, á gba Abúlé Ẹ̀gbá, á lọ títí dé bọ́dà, á wọ ilẹ̀ Benin. Àwọn tó ń yọ́ irin, àwọn tó ń ṣe ìgò, òun ni wọ́n á máa fi dáná. Wọ́n ní tó bá jó, kì í ṣèéfín, omi ló ń dà."

"Iná wo ló ń di omi? Kàsúmù, àbí oòrùn Ìkẹjà ti wọ̀ ẹ́ lágbárí?"

"Ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ti dé. Wọ́n ti ri èèkàn sí ibi tí ẹ ń to dúrọ́ọ̀mù sí. Ẹni tí ilẹ̀ ẹ̀ bá bọ́ sójú ọ̀nà páìpù, owó gbà-má-bínú ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ ó jẹun kanlẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ibi tí mò ń to dúrọ́ọ̀mù sí kì í ṣe tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ bó ṣe jẹ́. Opó ni mí. Ọjọ́ tí wọ́n sin ọkọ mi làwọn ẹbí ẹ̀ kó fíríìjì, kó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì ní kí n fi ilé Ifákò sílẹ̀ fún wọn. Dúrọ́ọ̀mù tí iléeṣẹ́ ti lò tán ni mo fi tọ́ ọmọ mi. Èyí tó kó omi ṣúgà wá, àwọn oníbúrẹ́dì ló ń rà á. Èyí tó kó kẹ́míkà wá, àwọn tó ń po sìmẹ́ǹtì ni. Imú ni mo fi ń mọ̀ wọ́n. Ẹnikẹ́ni ò lè rẹ́ mi jẹ nínú òwò yẹn.

Sàídátù ni ọ̀rẹ́ mi. Àpò ìyẹ̀fun tí àwọn oníbúrẹ́dì bá ti tú tán lòun ń tà. Nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ mi ń palẹ̀ ilé mọ́, òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní, "Ẹ ó gbé mi kẹ́ ẹ tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀." Wọn ò gbé e. Láti ọjọ́ yẹn, kòríkòsùn là ń pe ara wa. Kò pe orúkọ mi, n ò pe tiẹ̀.

Lọ́dún tí kòrónà kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn dókítà ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Uswat, ọmọ ẹ̀. Kò sówó. Ó wá bá mi. Mo yọ irinwó ẹgbẹ̀rún náírà nínú owó òwò mi, mo fún un. Ó fi ilẹ̀ tí Làsísì bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin dógò lọ́dọ̀ mi. A ò sọ̀rọ̀ èlé. Ilẹ̀ tí màá máa lò, òun ni èlé.

Baba Dàwódù, tó jẹ́ àgbà àdúgbò wa, ló ṣẹlẹ́rìí. Bàbá sọ ọ́ lójú wa méjèèjì.

"Ilẹ̀ ìdógò kì í di ilẹ̀ títà, ì báà pé ogún ọdún. Ẹni tó gbà á kò gbọdọ̀ kọ́lé sí i, kò gbọdọ̀ gbin igi sí i. Ọjọ́ tí Sàídátù bá gbówó dé, ilẹ̀ padà sọ́wọ́ ẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́.

Nígbà tí Kàsúmù lọ tán, mo lọ wo èèkàn náà. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, wọ́n kun orí ẹ̀ ní pupa. Mo fọwọ́ kàn án. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi rojọ́. Ta ló ń gbá ibí? Èmi. Ta ló ń lé àwọn tó ń da ìdọ̀tí síbẹ̀? Èmi. Owó ta ló wà lórí ilẹ̀ yìí? Tèmi. Ilé ayé ti gba ilé lọ́wọ́ mi, kò san kọ́bọ̀. Kí ló dé tó jẹ́ pé tí owó gbà-má-bínú bá dé, ẹlòmíì ni wọ́n á bẹ̀?

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣínà dé lọ́sẹ̀ yẹn pẹ̀lú ìwọ̀n àti ọ̀dà. Ó ń kọ nọ́ńbà sára ògiri àwọn tí èèkàn bá dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Mọ́mì, ta ló ni ibí?"

"Èmi ni."

Kò sẹ́ni tó yọ ìbọn sí mi. Ẹnu ara mi ló ti jáde. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó kun nọ́ńbà sára dúrọ́ọ̀mù kan, ó bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Bí ẹni pé ayé ń ṣọ́ mi, ọjọ́ kejì ni Sàídátù dé. Ó ti kírun Jímọ̀ tán, ó gbé láílọ́ọ̀nù dúdú kan há abíyá, ẹ̀rín kún ẹnu ẹ̀.

"Kòríkòsùn, mo kó àjọ. Owó ẹ rèé. Bá mi tú dúrọ́ọ̀mù ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún Uswat."

Mo ní lọ́kàn mi pé òun náà ti gbọ́ ni, owó páìpù ló ń sáré sí. Bí mo bá gba owó yẹn báyìí, ilẹ̀ lọ nìyẹn, gbà-má-bínú lọ nìyẹn.

Mo fi ọwọ́ ti láílọ́ọ̀nù náà padà. "Ta ló bi ẹ́ lówó? Gbé e lọ, fi ra àpò. Ọjà ń gbówó lórí. Nígbà tó bá yá, o ó san án."

Omi bọ́ lójú ẹ̀. Ó dì mọ́ mi níwájú gbogbo ọjà.

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú tì ẹ́ láyé. Ta ló ní ọ̀rẹ́ bí èyí?"

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mò ń jà á lólè, ó ń ṣàdúrà fún mi. Mo sì ṣe àmín.

Láti ọjọ́ yẹn, ara mi ò balẹ̀. Mo ní kí n sọ ilẹ̀ náà di tèmi lójú gbogbo ayé kí àwọn kọ́ńpìnì páìpù tó padà wá. Ilẹ̀ lásán, kí ni wọ́n fẹ́ san lórí ẹ̀? Tí ilé bá wà níbẹ̀, owó á pọ̀. Mo ra bùlọ́ọ̀kù, mo ra páànù. Ṣọ́ọ̀bù méjì ni mo kọ́. Owó tó yẹ kí n fi ra dúrọ́ọ̀mù ni mo ń dà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí Kàsúmù bá mi jó ilẹ̀kùn irin.

Kàsúmù wo ògiri, ó wo mí.

"Ìyá Ìgbẹ́kẹ̀lé, ṣé ilẹ̀ Ìyá Uswat kọ́ nìyí?"

"Ìwọ sá jó ilẹ̀kùn."

"Ṣé wọ́n ti tà á fún yín ni?"

"Ilẹ̀kùn ni mo bẹ̀ ẹ́, n ò bẹ̀ ẹ́ ní ìbéèrè. Àbí o ti di lọ́yà?"

Ó jó o. Ṣùgbọ́n kò bá mi ṣàwàdà mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Sàídátù tún dé. Ó rí bùlọ́ọ̀kù. Mo ti pèsè irọ́ sílẹ̀, mo ní àwọn olè ń jí dúrọ́ọ̀mù mi kó ni mo ṣe mọ ògiri. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí mo bá gba ilẹ̀, màá san owó bùlọ́ọ̀kù fún ẹ. Ó yá, gba èyí ná." Ló bá tún yọ láílọ́ọ̀nù.

"Mò ń gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ní ṣọ́ọ̀ṣì wa," ni mo wí. "Wòlíì ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó."

Wòlíì ò sọ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ òwúrọ̀ ṣì wà lẹ́nu mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ìgbà kẹta, irọ́ tán nílẹ̀. Mo rí i lókèèrè tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, láílọ́ọ̀nù dúdú náà lábẹ́ apá ẹ̀. Mo wọ̀tún, mo wòsì. Dúrọ́ọ̀mù ńlá kan dùbúlẹ̀ lẹ́yìn mi. Èmi obìnrin, tí wọ́n ń pè ní ìyá nínú ìjọ, mo rá wọ inú dúrọ́ọ̀mù, mo ká ẹsẹ̀ sókè.

Kàsúmù ń jó irin lọ́wọ́ lódìkejì. Mo gbọ́ ohùn Sàídátù.

"Kàsúmù, kòríkòsùn mi dà?"

"Wọ́n ti jáde, Ìyá Uswat."

"Bàtà ẹ̀ rèé nílẹ̀."

"Bóyá òmíì ni wọ́n wọ̀ lọ."

Kẹ́míkà ni dúrọ́ọ̀mù náà kó wá. Èmi tí mò ń fi imú mọ̀ wọ́n, ìbẹ̀rù ò jẹ́ kí n gbóòórùn. Ọ̀nà ọ̀fun mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, omi ń dà lójú mi. Mo ki ìró bọ ẹnu. Ikọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Kàsúmù pa iná ọwọ́ ẹ̀. Láti ẹnu dúrọ́ọ̀mù, ẹsẹ̀ Sàídátù nìkan ni mò ń rí, pẹ̀lú lààlì tó lé lọ́dún Iléyá. Ẹsẹ̀ náà dúró. Ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó lọ.

Kò wá mọ́. Mo fi ọkàn ara mi balẹ̀ pé kò gbọ́.

Kò pẹ́ tí àwọn kọ́ńpìnì páìpù fi pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Agége. Gbogbo ẹni tí wọ́n kọ nọ́ńbà fún ni wọ́n ní kó wá. Mo wọ léèsì tí mo fi ṣe ìdúpẹ́ ọmọ mi. Mo dé ṣáájú, mo jókòó síwájú. Nínú orí mi, mo ti ná owó náà tán. Mo ti ra ilé sí Abúlé Ẹ̀gbá, mo ti pe àwọn ẹbí ọkọ mi kí wọ́n wá wò ó láti ìta géètì.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Olúfọlákẹ́ ni ẹnjiníà wọn. Ó na àwòrán ilẹ̀ kan sára ògiri, ilà pupa, ilà búlúù, ilà àwọ̀ ewé. Ó kí wa, ó ní òun fẹ́ mọ àwọn onílẹ̀ kí òun tó là á yé wa. Ó ń pe nọ́ńbà, àwọn èèyàn ń dìde. Ó pe tèmi.

Mo dìde. "Èmi ni o."

"Ẹ ṣeun, mà. Ilẹ̀ ẹbí ni, àbí ẹ rà á?"

"Mo rà á."

Ohùn kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Kò pariwo.

"Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi ìyá yẹn ní nǹkan kan. Tó bá rà á, kí ló dé tó fi ń sá tí mo bá gbé owó ẹ̀ wá?"

N ò bojú wẹ̀yìn. Mo mọ ohùn yẹn.

Ẹnìkan ní, "Ṣé olówó ló wá ń sá fún ajẹgbèsè ni?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e lọ," ni Sàídátù wí. "Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní kí n lọ fi ṣòwò. Mo ṣàdúrà fún un. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun ń gbààwẹ̀. Mo bá a gba ọjọ́ kan níbẹ̀, èmi Mùsùlùmí, mo ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀bẹ̀ ọ̀rẹ́ mi. Lẹ́ẹ̀kẹta, inú dúrọ́ọ̀mù ló wà. Mo gbọ́ ikọ́ ẹ̀. Èmi tí mo jókòó tì í lórí ẹní opó, tó ń sunkún títí ó fi ń wúkọ́ mọ́jú, ṣé n ò ní mọ ikọ́ ẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Baba Dàwódù fi ọ̀pá ẹ̀ dìde níwájú. "Kàsúmù, o wà níbẹ̀?"

Kàsúmù wo ilẹ̀. "Mo wà níbẹ̀, Bàbá. Èmi ni mo purọ́ pé wọ́n ti jáde."

"Ìwọ ńkọ́, Ìyá Ìgbẹ́kẹ̀lé? Ṣé wọ́n tà á fún ẹ lójú mi ni, tí mi ò mọ̀?"

Ẹ wo obìnrin tó ń fi ẹnu gba owó lọ́wọ́ Ìgbò, lọ́wọ́ Háúsá, lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Mo kọjú sí àwòrán ilẹ̀ náà, mò ń ka ilà ara ẹ̀.

"Mo bọ̀wọ̀ fún opó," ni bàbá wí. "Àmọ́ a kì í fi aṣọ opó bo ẹrù olè. Lọ wó ohun tí o kọ́. Tí o bá ti wó o tán, Sàídátù á gbé owó ẹ wá, wàá sì gbà á lójú wa."

Ẹnjiníà náà ò mọ ibi tó máa wò. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí àwòrán.

"Ẹ̀yin òbí mi, ẹ jẹ́ kí n tètè là á yé yín, kí ẹ má tìtorí ẹ̀ bára yín ṣọ̀tá. Ọ̀nà mẹ́ta là ń wò. Ọ̀kan gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Ọ̀kan gba ẹ̀gbẹ́ títì Abẹ́òkúta. Ìkẹta ò tilẹ̀ dé Agége. Ìjọba wa àti ìjọba Benin ò tíì fẹnu kò lórí ọ̀kankan. Èèkàn tí ẹ rí yẹn, a fi ń yẹ ilẹ̀ wò ni. Ó lè pé ọdún mélòó kan. Ó sì lè má wáyé. Ká tilẹ̀ ní a gba ibẹ̀, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá kọ́ lẹ́yìn tí a ti kọ nọ́ńbà, a ò ní sanwó ẹ̀."

Ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi í léèrè, "Dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n sá wọ̀ ńkọ́, ẹ ó sanwó tìyẹn?"

Ẹ̀rín bú nínú gbọ̀ngàn. Ẹ̀rín yẹn ló sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Àwọn lébírà tó bá mi kọ́ ṣọ́ọ̀bù náà ni mo bẹ̀ kí wọ́n bá mi wó o. Wọ́n gba owó kíkọ́, wọ́n tún gba owó wíwó. Bùlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù, mo tà á ní ìdajì owó. Kàsúmù wá fúnra ẹ̀, ó gé ilẹ̀kùn irin náà kúrò. Mo na owó sí i, kò gbà á.

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ fi ẹnu mi purọ́, èmi ni mo jẹ́ kẹ́ ẹ lò ó."

Mo lọ bá Sàídátù. Ó ń gbọn àpò lọ́wọ́, ìyẹ̀fun funfun bo ojú ẹ̀ àti ìpéǹpéjú ẹ̀. Kò dáwọ́ dúró.

"Kòríkòsùn, mo ṣẹ̀ ẹ́."

"Mo mọ̀."

"Iṣẹ́ Èṣù ni."

"Má da Èṣù láàmú. Èṣù ò bá ẹ wọ dúrọ́ọ̀mù."

"Dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ẹ́. Ilẹ̀ bàbá mi ni mo fẹ́ gbà." Ó ká àpò kan, ó mú òmíì. "Èmi ò mọ̀ pé páìpù kankan ń bọ̀. Inú ìpàdé yẹn ni mo ti gbọ́ ọ. Àwọn tó rí ẹ tó ń fi ilé kíkọ́ halẹ̀ ló ní kí n wá wo ohun tó ń lọ. Ká ní o wá bá mi, o ní, 'Kòríkòsùn, owó kan lè jáde lórí ilẹ̀ yìí, jẹ́ ká jọ pín in,' ṣé mi ò ní pín in? Kí ni mo fẹ́ fi ṣe tí mi ò ní fún ẹ níbẹ̀?"

Mo dúró síbẹ̀ títí ìyẹ̀fun fi bo èmi náà. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ì bá pín in. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́tipẹ́, láti ọjọ́ tí mo fọwọ́ kan èèkàn náà. N ò fẹ́ ìdajì ni.

Ẹni tó bá fẹ́ kí n fún òun ní ọgbọ́n, ọgbọ́n tí mo ní kò ju èyí lọ. Ẹni tí ayé ti jà lólè kì í pẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà. Àwọn ẹbí ọkọ mi ni ọ̀gá mi. Wọ́n ṣì mọ iṣẹ́ jù mí lọ, torí àwọn ò sá wọ inú dúrọ́ọ̀mù.

Sàídátù àti àwọn ẹlẹ́rìí wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Baba Dàwódù jókòó sórí àga oníke tí mo gbé fún un. Kàsúmù dúró. Sàídátù gbé láílọ́ọ̀nù dúdú náà lé orí dúrọ́ọ̀mù kan, láàárín èmi àti òun. Láílọ́ọ̀nù kan náà ni. Ó ti ń fàya létí.

"Ẹ kà á, Ìyá Ìgbẹ́kẹ̀lé," ló wí.

Láti ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

"Kò sídìí kíkà," ni mo wí. "Mo gbà ẹ́ gbọ́."

"Ẹ kà á."

Mo tú u. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tí mo yá a lówó yẹn, ó lè ra dúrọ́ọ̀mù tó máa kún ilẹ̀ náà. Báyìí tí mò ń kà á, kò lè ra èyí tó máa kún ẹnu ọ̀nà. Ẹgbẹ̀rún ẹgbẹ̀rún ni, ó ti rún, ó ń rùn bí ìyẹ̀fun. Ó dà rú mọ́ mi lọ́wọ́, mo tún un kà látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n dúró dè mí. Sàídátù ò wò mí. Ilẹ̀ ẹ̀ ló ń wò, níbi tí èèkàn olórí pupa náà ti dá dúró láàárín àfọ́kù bùlọ́ọ̀kù.

"Ṣé ó pé?" ni Baba Dàwódù bi mí.

Mo ní ó pé.